Ojú Ìwé Kìíní Ọkọ̀ Bàbá Mi

Pupa ni mo máa ń sọ pé ọkọ̀ náà jẹ́, mo sì ti sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí n kò fi mọ̀ mọ́ bóyá ojú mi ló rí pupa náà tàbí ẹnu mi ló kùn ún. Dàpọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní àwọ̀ tòmátì tó ń múra àtirà ni. Ìyá mi, tó ti ń bá ọkọ̀ náà ṣọ̀tá láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, ní àwọ̀ ìgbéraga ni, pé kí n má tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀ mọ́. Bàbá mi nìkan ni kì í bá wa jiyàn. Ó ní àwọ̀ ọkọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń rántí, ohun tí à ń kọ sílẹ̀ ni, àti pé ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n kó lọ wo ìwé. Ìwé ọ̀hún gan-an ni n kò lè rántí kí àyà mi má já. Mo kàwé dé fásitì, mo sì kọ́ níbẹ̀ pé ẹni tó bá ń rántí nǹkan kì í yọ ọ́ jáde bí aṣọ inú àpótí. Ṣe ló ń rán an lọ́tun nígbàkúùgbà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí mi sílẹ̀ lójoojúmọ́, bí ẹni tí kò fọkàn tán ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́wàá kì í kọ nǹkan sílẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo sì jẹ́ ní ọdún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ohun kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ mi láti inú ọdún náà ni ewé ìwé kan, òun ni mo sì fi pamọ́ fún gbogbo ilé wa.

Fúláàtì ìsàlẹ̀ ni à ń gbé ní Festac nígbà náà, nínú kílóòsì kan tí gbogbo bàbá ibẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, tí gbogbo ìyá ibẹ̀ sì mọ ipò tí ọkọ ẹnìkejì wọn wà lẹ́nu iṣẹ́. Ṣe ni a háyà á. Àgbàlá kékeré kan wà níwájú rẹ̀, pẹ̀lú igi máńgòrò kan tí kì í so, abẹ́ igi yìí ni ọkọ̀ náà sì ń gbé, tapólì ló bò ó láti orí dé ẹsẹ̀ bí ọba tó wọ ìyẹ̀wù. Ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì ni: ìlẹ̀kùn méjì, ìjókòó méjì, òrùlé tó ṣeé ká sẹ́yìn. Òyìnbó ẹnjiníà kan tó ń padà sílé rẹ̀ ló tà á fún bàbá mi nígbà tí bàbá mi ṣì jẹ́ àpọ́n, kò sì sí ẹni tó dá àpọ́n lẹ́bi pé ó ra ìjókòó méjì. Ohun tí wọn kò jẹ́ kó sinmi lé lórí ni pé ó gbéyàwó, ó bí ọmọ méjì, ó sì kọ̀ kò tà á. Ní ọjọ́ Ìsinmi, á kọ́kọ́ gbé ìyá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á padà wá gbé èmi àti Dàpọ̀, àwa méjèèjì lórí ìjókòó kan. Ikùn ọkọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ń wọ́lẹ̀, ọ̀nà wa sì kún fún kòtò, nítorí náà gbogbo kòtò ni bàbá mi ń rọra dúró kí bí ẹni pàdé àgbà. Nígbà tí a bá fi máa dé, ìjọ á ti máa ka oore-ọ̀fẹ́. Ìyá mi á wò wá láti ìdí bẹ́ńṣì, á sì sọ ọ́ kí àwọn tó jókòó tì í lè gbọ́: "Ọkọ̀ tó lè sáré jù lọ ní Festac nìyẹn. Òun náà ló ń pẹ́ jù lọ kó tó dé."

Bí mo bá pa ojú mi dé lónìí, etí mi ló ń kọ́kọ́ padà sílé náà. Mo ń gbọ́ àwọn ọ̀pọ̀lọ́ inú gọ́tà, tí wọ́n máa ń dákẹ́ lójijì bí ìgbálẹ̀ àkọ́kọ́ bá ti kan ilẹ̀. Mo ń gbọ́ sílíńdà gáàsì tí Dàpọ̀ ń yí gbirigbiri lórí sìmẹ́ńtì lọ sí ibi tí wọ́n ti ń rọ ọ́, tí ìyá mi ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Dàpọ̀, gbé e! Mo ní kí o gbé e, mi ò ní kí o fi gbá bọ́ọ̀lù!" Ní àárọ̀ Sátidé, bàbá mi á ká tapólì kúrò, á tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, á bú ramúramù, ajá gbogbo kílóòsì á sì dá a lóhùn. Iṣẹ́ tèmi ni láti wẹ ọkọ̀ náà pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi méjì àti singilẹ́ẹ̀tì bàbá mi kan tó ti gbó, nítorí bàbá mi gbà pé ọ̀tá wa kì í ṣe olè bí kò ṣe atẹ́gùn. "Iyọ̀ ni atẹ́gùn ibí yìí gbé wá láti inú ọ̀sà," ló máa ń wí. "Iyọ̀ kì í jẹ irin níṣojú ẹni. Abẹ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀." Bí mo bá wẹ̀ ẹ́ tán, tí a sì bo tapólì padà, ìyá mi á jáde wá pẹ̀lú atẹ ẹ̀gúsí, á sì sá a lé tapólì náà lórí, torí kò sí ibòmíràn nínú àgbàlá tí oòrùn ti ń mú bẹ́ẹ̀. Bàbá mi á ní ẹ̀gúsí kò sí nínú àkọsílẹ̀ òun. Ìyá mi á ní bí ọbẹ̀ bá délẹ̀ kó lọ jẹ àkọsílẹ̀.

Mo ní láti sọ ti àkọsílẹ̀ náà. Iṣẹ́ tí bàbá mi ṣe jù lọ ní mínísìrì ni títọ́jú fáìlì, ó sì gbà tọkàntọkàn pé ohun tí a kò bá tíì ṣí fáìlì fún kò tíì délé ayé. Ọkọ̀ náà ní fáìlì tirẹ̀, aláwọ̀ búlúù, onókùn, ó sì nípọn bí Bíbélì orí pẹpẹ. Gbogbo ewé inú rẹ̀ ló ní nọ́ńbà ní igun òkè, èyí tó pẹ́ jù lọ ń bẹ nísàlẹ̀ pátápátá: ìwé tí òyìnbó náà fi ta ọkọ̀, tó kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì sí, tó sì fọwọ́ sí i, òun ni ojú ìwé kìíní. Lẹ́yìn rẹ̀ ni rìsíìtì lórí rìsíìtì, ti epo, ti táyà, ti gílóòbù iná. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò fi mọ ní rìsíìtì. Bí ó bá fẹ́ pààrọ̀ táyà, á kọ̀wé sí ara rẹ̀: "Mo ń tọrọ àṣẹ láti pààrọ̀ táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún." Á fi ọjọ́ méjì sílẹ̀. Lẹ́yìn náà á kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé: "Mo ti rí i. Kí a mú sùúrù di ìparí oṣù." Ìyá mi ká a mọ́ ọn lọ́jọ́ kan.

"Dádì Dàpọ̀, ta ni ẹ ń kọ̀wé sí?"

"Ọ́fíìsì ni."

"Ọ́fíìsì wo? Ẹ ò ṣe dìde kí ẹ lọ bá ọ́fíìsì náà sọ ọ́ lẹ́nu? Ẹ ṣáà jọ ń sùn."

"Ẹni tó máa ra ọkọ̀ yìí lọ́jọ́ iwájú ò ní bi mí bóyá mo fẹ́ràn rẹ̀," ni bàbá mi wí. "Á bi mí pé ẹ̀rí dà."

Ní ẹnu kílóòsì wa, Ìyá Sikí ń dín àkàrà. Òfin kan ló fi ń tajà, gbogbo ọmọ Festac apá ibẹ̀ ló sì mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá mú ìwé wá fún un láti fi pọ́n àkàrà, á fún un ní àkàrà kan lé lórí. Ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá tó ti kún ni àwọn ẹlòmíì ń mú lọ. Tèmi tán kíákíá, nítorí ọmọ tó ń kọ̀wé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni mí. Ní Sátidé kan tí wọ́n rán mi ní àkàrà tí a fẹ́ fi mu ògì, mo wo orí ṣẹ́ẹ̀fù, mo rí fáìlì búlúù. Mo ronú, n kò kàn jí i bẹ́ẹ̀. Mo ní ohun tó wà lókè ni tuntun, bàbá mi á wá a; ohun tó wà nísàlẹ̀ ti pẹ́, ohun tó bá sì ti pẹ́ kò wúlò mọ́. Ṣebí bẹ́ẹ̀ ni à ń ṣe sí bàtà, sí búrẹ́dì àti sí ìwé ìròyìn. Láti ìsàlẹ̀ ni mo ti ń yọ ọ́, ewé méjì tàbí mẹ́ta ní Sátidé kọ̀ọ̀kan, mo sì ń jẹ èrè rẹ̀ lójú ọ̀nà kí n tó délé. Mo rántí Sátidé mẹ́jọ. Ó lè jẹ́ mẹ́wàá. Adùn àkàrà náà ni mo rántí láìṣiyèméjì, adùn kì í sì í ṣe ẹlẹ́rìí tí adájọ́ ń gbà.

Ọdún náà ni bàbá mi fẹ̀yìntì, ọdún náà sì ni onílé wa, bàbá arúgbó kan tó ń gbé ní Ìbàdàn, kọ̀wé pé òun fẹ́ ta fúláàtì. Ó ní àwa tí à ń gbé inú rẹ̀ ni òun kọ́kọ́ fi lọ̀, ó fún wa di ìparí sáà kẹta ọdún ilé-ìwé. Owó ìfẹ̀yìntì bàbá mi àti èyí tí ìyá mi fi pamọ́ rìn dé ibì kan, wọ́n dúró síbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó lè dí àlàfo tó kù wà lábẹ́ tapólì. Bí àlàfo náà kò bá dí, Ijegun-Egba là ń lọ, sí yàrá méjì tí bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ lórí ilẹ̀ àbàtà, tí ọ̀kan nínú wọn kò tíì ní òrùlé. Ìyá mi sọ̀rọ̀ níwájú wa ní pálọ̀, ohùn rẹ̀ kò sì ga rárá. "Ilé tàbí ọkọ̀. Ẹ mú ọ̀kan." Bàbá mi jáde. A rí i láti ojú fèrèsé pé ó gbé etí tapólì sókè, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó sì tún un bò. Ó wọlé padà. "A ó tà á," ló wí. "Ṣùgbọ́n a ò ní tà á bí ẹni ta fìríìjì tó ti jóná."

Ìròyìn kì í sùn ní kílóòsì. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo ènìyàn ti di onímọ̀ nípa ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì. Taju, mẹkáníìkì bàbá mi, wá láti Mazamaza láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ sí i, ó ń yí ọkọ̀ náà ká, ó ń mi orí.

"Dádì, ẹ jẹ́ kí n bá yín kùn ún. Ọ̀dà tuntun, tó ń dán yinrin. Ẹ́ńjìnnì Jàpáànì kan wà ní ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, kì í mu epo rárá. Tí mo bá gbé e sínú ẹ̀, tí mo wọ táyà ńlá sí i lẹ́sẹ̀, ẹni tó bá rí i á bú sẹ́kún."

"Èmi gan-an ni mo máa kọ́kọ́ sunkún, Taju."

"Àáà, Dádì! Ta ló fẹ́ ra ọkọ̀ tó ti gbó?"

Bàbá mi fa àga jáde, ó jókòó. A mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ti dé. "Ọkọ̀ tí gbogbo ayé ní, bó ṣe ń pẹ́ ni owó rẹ̀ ń wálẹ̀, kò sì ní í gòkè mọ́ títí wọ́n á fi gbé e fún àwọn onírin. Ọkọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ò ní ni owó rẹ̀ ń wálẹ̀ dé ibì kan, á sinmi, á wá bẹ̀rẹ̀ sí gòkè padà, bí irú yín ò bá ti tún un ṣe. Wọ́n á bèèrè pé ṣé ọ̀dà àkọ́kùn rẹ̀ ló ṣì wà lára rẹ̀. Wọ́n á bèèrè ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bí i mọ́. Wọ́n á wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ó ti dípẹtà. Wọ́n á wo ibi tó rìn dé àti iye ọwọ́ tó ti kọjá. Ìwé ló sì ń dáhùn gbogbo ìyẹn. Ọkọ̀ àtijọ́ tí kò níwèé, àtijọ́ lásán ni."

Taju wo ìyá mi. "Mọ́mì, ṣé ọkọ̀ ni Dádì fẹ́ tà, àbí ọmọge ni wọ́n fẹ́ fi fọ́kọ?"

Ìyá mi ní òróró àdúrà tirẹ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì fẹ́ ta á sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí oníbàárà rere lè wá. Bàbá mi kọ̀, ó ní òróró á ba ọ̀dà jẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì tí wọn kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n fẹnu kò: ó lè ta á sára táyà, nítorí táyà kì í ṣe èyí tí wọ́n bí ọkọ̀ náà mọ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń jà sí òróró yìí, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń lọ tó ń bọ̀ nínú etí mi: ìwé. Ó dá mi lójú pé mo jókòó síbẹ̀ ní ọjọ́ náà. Kò dá mi lójú bóyá mo ti mọ ohun tí mo ṣe, tàbí mo kàn fi ìmọ̀ òní dá ọmọ àná lẹ́bi.

Ẹni tó wá rà á ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Ṣóẹ̀tán, ọkùnrin tín-ín-rín kan láti Ìkòyí tó ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ bí ẹlòmíì ṣe ń kó àwo jọ. Aṣọ funfun ló wọ̀, síbẹ̀ ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó sì wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ títí tó fi ku bàtà rẹ̀ nìkan. Nígbà tó jáde, ó yọ òòfà kékeré kan tó fi áńkáṣíìfù wé, ó ń gbé e lé ara ọkọ̀ níbi gbogbo, nítorí bí wọ́n bá ti fi pọ́tì dí ara ọkọ̀ níbì kan, òòfà kò ní í lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Òòfà rẹ̀ ń lẹ̀ tẹ́. Ibi tó bá ti lẹ̀, á ní, "Ó dáa." Bàbá mi ń tẹ̀ lé e, ọwọ́ lẹ́yìn, bí ọ̀gá ilé-ìwé tí alábòójútó bá lálejò. Nígbà tó kan òrùlé, Ọ̀gbẹ́ni Ṣóẹ̀tán fi èékánná yọ nǹkan funfun kan láti ibi tí aṣọ òrùlé náà ti ṣẹ́po.

"Kí nìyí?"

"Ẹ̀gúsí ni, sà," ni bàbá mi wí, ó sì wo ìyá mi.

"Ṣé ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ló fi síbẹ̀?"

"Èmi ni ilé-iṣẹ́ náà," ni ìyá mi dá a lóhùn.

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó da nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì kọ sínú ìwé kékeré, ó wá dá iye kan lé ọkọ̀ náà. Ìyá mi tó ń dúró tẹ́lẹ̀ jókòó. Iye náà á ra fúláàtì, yóò sì ku ti aṣọ fèrèsé. "Ó ku ìwé," ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣóẹ̀tán wí. "Bí nọ́ńbà yìí bá ti bá ti ìwé àkọ́kọ́ mu, mo ti rà á." Bàbá mi rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tí n kò tíì rí lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìntì. Gbogbo ìwé tó kọ sí ara rẹ̀, gbogbo sùúrù tó gba ara rẹ̀ níyànjú láti ní, ọjọ́ wọn pé. "Fọlákẹ́," ló wí, "lọ gbé fáìlì wá."

Láti ìdí ṣẹ́ẹ̀fù dé abẹ́ igi máńgòrò, n kò rò pé ó ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Mo ti rin ìrìn-àjò púpọ̀ láti ìgbà náà, n kò tíì rin èyí tó jìnnà tó o. Bàbá mi gba fáìlì, ó yí i padà, ó sì ṣí i láti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ìgbéraga. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó rí ni ìkẹrìnlélógún. Ó pa á dé. Ó tún un ṣí. Ẹ óò bèèrè pé ṣé irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò ṣe ẹ̀dà ìwé rẹ̀ ni. Ó ṣe é. Inú fáìlì kan náà ló fi ẹ̀dà pamọ́ sí, lẹ́yìn ojúlówó rẹ̀ gẹ́lẹ́, bí òfin ọ́fíìsì ti wí. Mo ti fi méjèèjì jẹ àkàrà.

"Ta ló fọwọ́ kan fáìlì mi?"

Dàpọ̀ gbójú sókè ó ń wo igi máńgòrò bí ẹni pé yóò so. Mo la ẹnu. Kí ohùn tó jáde, ọwọ́ ìyá mi ti bà lé mi lọ́rùn, ó wúwo.

"Èmi ni," ló wí. "Mo fi dáná ni."

"O fi kí ni dáná?"

"Àwọn ìwé àtijọ́ náà. Mo rò pé wọn ò wúlò mọ́ ni."

Ọ̀rọ̀ mi gan-an ló sọ yẹn, ọ̀rọ̀ tí mo fi dá ara mi láre nídìí ṣẹ́ẹ̀fù, n kò sì sọ ọ́ fún un rí. Bàbá mi wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó wò mí pẹ̀lú. Ó wo ọkọ̀ náà. Ọ̀gbẹ́ni Ṣóẹ̀tán nu òòfà rẹ̀, ó ní òun á padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀, kí a fara balẹ̀ wá a. "Ojú ìwé kìíní nìkan ni mo fẹ́. Mo lè fojú fo méjìlélógún tó kù. Ṣùgbọ́n bí n kò bá rí ìyẹn, ìdajì iye tí mo dá ni, ẹ má bínú, sà. N kò ní í mọ̀ bóyá wọ́n bí ẹ́ńjìnnì yìí mọ́ ọn ni, àbí ó gbà á tọ́." Ìdajì kò lè dí àlàfo. Gbogbo wa tó wà nínú àgbàlá ló mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ kejì, bí a ṣe jáde nílé-ìwé, mo sáré lọ bá Ìyá Sikí. Ó ń lọ ẹ̀wà lọ́wọ́.

"Ìyá Sikí, ẹ jọ̀ọ́, ìwé tí mo mú wá ńkọ́?"

"Ìwé bàbá ẹ? Ọ̀rọ̀ ọjọ́ wo nìyẹn? Wọ́n ti jẹ ẹ́ tán. Ìwé yín mà dáa o, kì í jẹ́ kí epo jò, àwọn oníbàárà mi ń bèèrè ẹ̀." Ó rí ojú mi, ó fi ẹ̀wà sílẹ̀, ó da agbọ̀n ìwé rẹ̀ dojú dé. "Dúró ná. Èyí tó nípọn jù yẹn, òun ni mo fi tẹ́ ìsàlẹ̀ agbọ̀n. Gbà. Àkàrà kan ni o jẹ mí padà yẹn o."

Ojú ìwé kìíní ni. Epo ti fi òrùka yí igun rẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ọwọ́ òyìnbó náà hàn kedere, nọ́ńbà náà pé. Mo fi sáré ìdajì ọ̀nà délé. Ní iwájú géètì ni mo ti dúró. Ìwé tí ìyá mi ti sun níná, báwo ló ṣe máa jáde wá tí yóò máa rùn bí àkàrà? Bí mo bá gbé e kalẹ̀, ilé di tiwa, ìyá mi sì di òpùrọ́ níwájú ọkùnrin tó ń tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ara rẹ̀ kó tó pààrọ̀ táyà. Bí mo bá gbé e pamọ́, ọ̀rọ̀ ìyá mi dúró, a ó sì kó lọ sí àbàtà. Bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ara mi nìyẹn, ó sì dùn létí débi tí n kò fi gbà á gbọ́ tán. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé pàṣán nìkan ni mo ń bẹ̀rù. Èyí ó wù kó jẹ́, inú ìwé orin mi ni mo ki ojú ìwé kìíní bọ̀, ó sì ti wà níbẹ̀ láti ìgbà náà.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣóẹ̀tán padà wá ní Sátidé. "Ìyàwó mi ti fi dáná," ni bàbá mi sọ fún un, pẹ̀lú ohùn tí a fi ń ka ìpinnu ìpàdé. Ó gba ìdajì, nítorí ọkọ̀ tí ikùn rẹ̀ ń wọ́lẹ̀ kò lè gbé lórí àbàtà. Ó fọwọ́ síwèé. Ó gbé fáìlì lé ọkùnrin náà lọ́wọ́ pẹ̀lú ọkọ̀, nítorí kò sí bí fáìlì ṣe ń kúrò lẹ́yìn ohun tó ni ín. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ajá kílóòsì dáhùn, wọ́n sì ń dáhùn lọ nígbà tí a kò gbọ́ ọkọ̀ náà mọ́. Bàbá mi ṣẹ́ tapólì sí mẹ́rin, ó gbé e pamọ́. Nígbà tí òjò mú wa dé Ijegun-Egba ní ìparí sáà kẹta náà, tapólì yẹn ni a fi ṣe òrùlé yàrá kejì, yàrá tí èmi àti Dàpọ̀ ń sùn. Bí òjò bá ń rọ̀, á máa dún lórí wa bí ẹ̀gúsí tí wọ́n ń dà sórí atẹ.

Ní oṣù tó kọjá, Dàpọ̀, tó ti di ọ̀gá báńkì tó ń bẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ ríru, fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí orí fóònù mi. Ẹnì kan ń ta ọkọ̀ náà lórí ayélujára. Iye tí wọ́n kọ sí i lè ra gbogbo kílóòsì wa, pẹ̀lú àwọn ajá. Wọ́n ní ọ̀dà àkọ́kùn rẹ̀ ló ṣì wà lára rẹ̀, pé ọwọ́ mẹ́ta péré ló kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n ya àwòrán fáìlì bàbá mi lójú ewé kọ̀ọ̀kan, wọ́n pè é ní ìṣúra: "Àkọsílẹ̀ àràmàǹdà láti ọwọ́ ẹni tó ni ín ṣìkejì, tó máa ń tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ara rẹ̀." Wọ́n tilẹ̀ fi hóró ẹ̀gúsí kan sínú ìgò kékeré, pé inú òrùlé ni wọ́n ti rí i, pé ẹ̀rí ni pé ọkọ̀ náà gbé Èkó rí. Àléébù kan ṣoṣo ni wọ́n kọ: ojú ìwé kìíní dé ìkẹtàlélógún kò sí. Mo wo àwòrán ọkọ̀ náà pẹ́. N kò rí pupa. Ó jọ àwọ̀ pákó. Dàpọ̀ ní fóònù mi ni kò dáa.

"Ẹni tó ń tà á ní tí òun bá rí ojú ìwé kìíní lónìí, owó gidi lòun máa san," ló wí lórí fóònù. "Fọlá, ká ní Mọ́mì ò fi dáná! À bá ti kúrò lórí omi yẹn." Mo ń wo ìwé orin mi.

Mo gbé e lọ sí Ijegun-Egba ní Sátidé. Bàbá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó jókòó sí fàráńdà. Ìyá mi jókòó tì í, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí Ìyá Sikí dé orí géètì, mo sì gbé ewé náà lé bàbá mi lọ́wọ́. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ó ka nọ́ńbà náà jáde lẹ́nu, láìṣìnà, kó tó dé ìdí rẹ̀ mo mọ̀ pé kì í ṣe pé ó ń kà á. Ó ń rántí rẹ̀ ni. Ó wá gbé e sún mọ́ imú.

"Àkàrà," ló wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà."

Ìyá mi kò gbé orí sókè. "Mo ti jó ìwé yẹn. Èyí tó mú wá yìí, mi ò mọ̀ ọ́n rí."

"Mọ́mì Dàpọ̀," ni bàbá mi wí, "gáàsì ni a ń lò nílé yẹn."

Ọwọ́ ìyá mi dúró nínú ẹ̀gúsí. "Ẹ mọ̀ láti ọjọ́ náà?"

"Mo mọ̀."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Mo wo ọmọ, mo wò ọ́, mo wo ọkọ̀." Ó fi ewé náà lé orí itan rẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ. "Ìjókòó méjì ló ní, mẹ́rin sì ni wá."

Fóònù mi dún, Dàpọ̀ ló ń pè. Mo ti sọ fún un lójú ọ̀nà, kò sì lè mú sùúrù. Mo gbé e sí ohùn òkè kí gbogbo wa lè gbọ́. "Dádì, ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ká a! Ẹ fi sínú ọ̀rá! Òróró ara rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan, wọ́n á fẹ́ràn ìyẹn gan-an, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ nǹkan kan sí i o. Tí ẹnikẹ́ni bá ti kọ nǹkan sí i báyìí, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, wọn ò ní san kọ́bọ̀!"

"Fọlákẹ́," ni bàbá mi wí, "bá mi mú báírò wá."

"Dádì! Báírò kẹ̀?"

Ìyá mi nu ọwọ́, ó gbé fóònù náà, ó sì fi atẹ ẹ̀gúsí dé e mọ́lẹ̀. Ohùn Dàpọ̀ ń jáde lábẹ́ rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ti eṣinṣin. Mo mú báírò wá, bàbá mi ń kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó parí. Ó fọwọ́ sí i, ó kọ déètì sí i, ó fẹ́ atẹ́gùn sí yíǹkì náà kó lè gbẹ, ó sì nà án sí ìyá mi. Mo na ọrùn, mo kà á lábẹ́ ọwọ́ òyìnbó náà: "Mo ti rí i. Ó pẹ́ kó tó dé. Kí a dá a padà sínú fáìlì."

"Fáìlì wo?" ni ìyá mi bi í. "Fáìlì ti bá ọkọ̀ lọ láti ọjọ́ náà."

"Ṣí òmíràn," ni bàbá mi wí.